Bí Omi Bá Dé, Ẹ Jáde: Ẹrù Kò Tó Ẹ̀mí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti èrè tàbí ti ẹ̀yáwó nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, ìyá kan dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bí omíyalé bá dé lóru tí mo sì sá jáde, ìwé owó mi ńkọ́? Ọjà tí mo fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ rà ńkọ́?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ìbéèrè yìí wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, ìbéèrè yìí náà ló sì ń dá èèyàn padà sínú omi.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ, 1980. Ògùnpa ti ya ní 1960, ní 1963 àti ní 1978, ṣùgbọ́n ti 1980 ló burú jù. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò kún bo bèbè, ó gbé ilé, ó gbé ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé mọ́tò. Òkú tí wọ́n rí kó ju 200 lọ. Nígbà tó di 26 oṣù kẹjọ, 2011, tó jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, omi tún dé. Àwọn tó kú ju 100 lọ, ọ̀pọ̀ afárá sì já.

Ẹlòmíràn á ní, "Bẹẹrẹ wà lórí òkè, odò wo ni yóò gùn ún wá bá wa?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọmọ nísàlẹ̀, lẹ́bàá Kúdẹtì àti Ògùnpa. Lórí òkè níbí náà, ilé alámọ̀ ayé àtijọ́ pọ̀ ní agbo ilé wa. Bí òjò bá rin ògiri bẹ́ẹ̀ gbingbin, ó lè wó lu àwọn tó ń sùn. Bí ẹ bá rí i tí ògiri ń là sí i, tí ó wú síta, tí amọ̀ ń já bọ́, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa ṣàdédé há, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ jí gbogbo ilé, kí ẹ jáde.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò le. Ẹ pinnu lónìí, kì í ṣe ní òru ọjọ́ náà, ibi gíga tí gbogbo ilé yóò ti pàdé, kí ọmọdé náà mọ̀ ọ́n. Ẹ yan ẹni tí yóò di màmá àgbà mú àti ẹni tí yóò pọn ọmọ. Ọ̀nà àárín ilé wa há, mọ́tò kò lè wọlé, ẹsẹ̀ la ó fi jáde. Nítorí náà, ẹ má kó igbá àti àpótí dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ pa iná níbi mítà kí omi tó wọlé. Bí omi bá ti wọlé, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ ti gáàsì pa. Ẹ má la omi tó ń sáré kọjá; èyí tí kò tó orúnkún lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bí ẹ bá dé ibi ìpàdé, ẹ ka orí. Bí ẹnì kan bá kù, ẹ ké sí aládùúgbò, kí ẹ sì pe 112. Kí ẹnikẹ́ni má padà sínú ilé nítorí ẹrù.

Ìdáhùn wa fún ìyá wa nìyí. Ẹ fi ìwé owó, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, oògùn àti tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀rá kan, kí ẹ so ó dáadáa, kí ẹ gbé e kọ́ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ráàyè mú un, ó dára. Bí ẹ kò bá ráàyè, ẹ fi í sílẹ̀. Owó yín wà nínú lẹ́jà ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Bí ìwé yín bá bá omi lọ, owó kò bá a lọ. Àwa náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ibi gíga ni kí a máa tọ́jú lẹ́jà yẹn sí.

Ní ti ọjà tó bàjẹ́, ẹ tètè wá sọ fún ìgbìmọ̀ kí a jọ jókòó lórí ẹ̀yáwó náà. A lè bá alààyè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó; bí onígbèsè bá kú, ọrùn oníduurò ni yóò kọ́, àwọn ọmọ a sì di aláìníyàá.

Kí a tó pàdé lóṣù tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù bi ará ilé rẹ̀: "Bí òjò bá lé wa jáde lóru òní, níbo la ó ti pàdé?" A ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn yín.