Ẹlẹ́rìí Méjì fún Ọ̀rọ̀ Kan: Bí A Ṣe Ń Já Àlọ́ Inú Crossword Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Bí ènìyàn bá mú ìwé ìròyìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, tí ó ka ti ogun, tí ó ka ti owó, tí ó sì ka ti bọ́ọ̀lù tán, yóò ṣe kòńgẹ́ àpótí kan tí a pín sí ilé kéékèèké, àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà ni yóò ti rí àwọn gbólóhùn kúkúrú kúkúrú tó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Èyí ni crossword, pàápàá irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cryptic, tí ìtumọ̀ rẹ̀ fara sin bí òógùn adìyẹ: adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì pa ìwé dé, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ń purọ́ fún wọn ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àlàyé yìí ni pé apàlọ́ náà a máa tan ni, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì sì jìn púpọ̀.

Ìlànà tó gbé gbogbo rẹ̀ ró kò ju ẹyọ kan lọ. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pín sí apá méjì. Apá kan, tí ó gbọ́dọ̀ wà yálà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, ń sọ ìtumọ̀ ìdáhùn gẹ́gẹ́ bí ìwé atúmọ̀ èdè yóò ti sọ ọ́. Apá kejì ń sọ bí a ó ṣe to lẹ́tà ìdáhùn náà jọ, bí ìyá ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ bí yóò ti se ọbẹ̀. Nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀ sì ń sọ iye lẹ́tà tí a ń wá. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: ẹni tí ń já àlọ́ yìí kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sílẹ̀ títí ẹlẹ́rìí méjèèjì yóò fi fẹnu kò. Níhìn-ín ni ó ti yàtọ̀ sí àlọ́ àpamọ̀ tiwa. Bí a bá ní ọmọ kan ti orí bọ inú òkun tí ń hó, ọmọrogùn ni gbogbo wa yóò dáhùn, nítorí pé a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí, bí ó tilẹ̀ méfò bọ́ sí i, kò ní ẹlẹ́rìí kejì tí yóò fi dá a lójú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa tú ọ̀kan wò. Èmi ni mo ṣe èyí: “Dishonest one upset teacher”, lẹ́tà 7. Ẹni tó bá kà á bí ó ti wà yóò rí aláìṣòótọ́ ọmọ kan tó mú inú bí olùkọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì ti sáré lọ sínú kíláàsì, níbi tí apàlọ́ fẹ́ kí ó lọ gan-an. Kí ó padà wá, kí ó mú àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Lẹ́tà méje ni à ń wá. “Teacher” sì ní lẹ́tà méje géérégé. “Upset”, tí ó dúró bí ẹni pé ìbínú ni ó ń sọ, tún lè túmọ̀ sí ohun tí a dà rú. Nítorí náà, da lẹ́tà “teacher” rú, kí o tún wọn tò: “cheater” ni yóò jáde, èyíinì ni ẹni tí ń yan ènìyàn jẹ. “Dishonest one”, aláìṣòótọ́, tí ó ti dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn láti àárọ̀ wá, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kìíní ní aláìṣòótọ́ ni. Ẹlẹ́rìí kejì ní inú olùkọ́ ni a ti fà á yọ. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì dá, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Òmíràn rèé, lẹ́tà 6: “City taxi bad, annoying in part”. Etí gbọ́ ọ bí ẹjọ́ èrò tí takisí ìgboro ti fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ṣùgbọ́n “in part” ń wí pé apá kan lára àwọn ọ̀rọ̀ náà ni kí a mú. Bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tó kẹ́yìn “taxi”, gba inú “bad” kọjá, kí o sì dúró nígbà tí o bá ti mú lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú “annoying”: Ibadan ló jókòó síbẹ̀, ilé Olúyọ̀lé, ìlú ńlá tó sá pamọ́ lójú gbogbo ayé láìfi ewé kan bojú. “City” tó ṣíwájú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn tún wà: kí a ki ọ̀rọ̀ kan bọ inú òmíràn, kí a so kúkúrú méjì pọ̀, kí a lo ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn bára mu, kí a kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ atọ́ka tirẹ̀ tí ojú tó ti mọ́ ọn lára yóò tètè dá mọ̀.

Eré náà kò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Arthur Wynne, ọmọ ìlú Liverpool tó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1913. Ìtumọ̀ lásán ni ó ń béèrè nígbà náà. Ìgbà tó sọdá òkun dé Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Edward Powys Mathers bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ sínú The Observer ní 1926, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Torquemada, orúkọ olórí àwọn onídàájọ́ ìjọ ní Spéènì àtijọ́, àwọn tó ń fi ìdálóró wádìí ìgbàgbọ́ ènìyàn. Bí orúkọ náà ti le ni àlọ́ rẹ̀ le. Nígbà tó kú ní 1939, Derrick Somerset Macnutt gba ipò rẹ̀, òun náà sì mú orúkọ onídàájọ́ mìíràn, Ximenes. Ṣùgbọ́n ẹni yìí ló fi òfin múlẹ̀. Nínú ìwé tó kọ ní 1966, ó ní kí ìtumọ̀ wà, kí ìtòjọ lẹ́tà wà, kí ohun kẹta má ṣe sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti la ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀ ni A. F. Ritchie, tí ń jẹ́ Afrit, tó fi lélẹ̀ ní 1949 pé apàlọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣi ẹni lọ́nà, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti yọ òtítọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbapò lọ́wọ́ Ximenes ní 1972 pe ara rẹ̀ ní Azed. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn, Deza ni yóò jáde, onídàájọ́ Spéènì mìíràn.

Ìgbà kan wà tí ìjọba fi eré yìí wá ènìyàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942, nígbà tí ogun ń gbóná, Daily Telegraph pe àwọn òǹkàwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Fleet Street láti já àlọ́ kan láàárín ìṣẹ́jú 12. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan nínú wọn rí lẹ́tà gbà pé iṣẹ́ pàtàkì kan ń dúró dè wọ́n, ọ̀nà wọn sì já sí Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú àdììtú ẹ̀rọ Enigma àwọn ará Jámánì. Ẹni tó ti mọ̀ pé “upset” lè má jẹ́ ìbínú, tí kò sì gba ojú tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ fi hàn án gbọ́, ni irú ẹni tí wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àlùfáà John Graham, tí òǹkàwé The Guardian mọ̀ sí Araucaria, orúkọ igi kan tí ewé rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹ̀gún, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé gígùn rẹ̀ yóò dààmú ọ̀bọ pàápàá. Láti 1958 ni ó ti ń pa àlọ́ fún wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí orí àlọ́ rẹ̀ pé Araucaria ní ìdáhùn 18 ti ìdáhùn 19, wọ́n sì ń fi ìdáhùn 13 àti 15 tọ́jú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé jókòó tì í bí ìṣe wọn, wọ́n ń já a lẹ́tà lẹ́tà, títí ọ̀rọ̀ náà fi pé sí wọn lójú: jẹjẹrẹ ni, ti ọ̀nà ọ̀fun, ìtọ́jú náà sì ni èyí tí ń dín ìrora kù fún ẹni tí àrùn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bàbá náà túfọ̀ ara rẹ̀ ní èdè tí òun pẹ̀lú wọn ti jọ ń sọ fún ọdún 55. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ló papò dà, ní ẹni ọdún 92.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èdè tiwa pẹ̀lú yóò gba irú àlọ́ yìí. Àwọn Faransé a máa yọ àmì orí lẹ́tà kúrò nínú crossword wọn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn tí a yọ yóò di igbó tí apàlọ́ yóò sá sí. Ẹ wo èyí tí mo ṣe, lẹ́tà 3: “ỌRỌ NI BI ALỌ BA YI PADA”. Ojú kà á pé ọ̀rọ̀ ńlá ni bí àlọ́ bá yí padà. Ṣùgbọ́n yí lẹ́tà àlọ́ padà lóòótọ́, kí o kà á láti ẹ̀yìn: ọlà ni. “Ọrọ” tó ṣíwájú kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ọrọ̀ ni, owó àti dúkìá, ìtumọ̀ ọlà gan-an. Ẹni tó bá dáhùn “ọlà” tí kò lè sọ ìdí rẹ̀ kàn kọ lẹ́tà mẹ́ta sínú ilé mẹ́ta ni. Ẹni tó lè jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó fi hàn án bí ọrọ̀ ti sá pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀, àti bí àlọ́ ti yíjú padà di ọlà, òun ni ó já a.