Èrè Òwò Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Ilẹ̀ Gánà

Ní ayé ìjọba òyìnbó, ẹni tí ó bá kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ṣakí lọ sí ìhà àríwá Gánà kì í rí owó kankan gbà ní ọdún kìn-ín-ní. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan ni yóò wọ̀ sí. Yóò máa bá a rẹrù, yóò máa bá a pàtẹ. Oúnjẹ àti aṣọ ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ọ̀gá yóò tó fún un ní owó òwò, tí òun náà yóò fi máa kiri ọjà abúlé. Láti orí àtẹ, ó di ìsọ̀ aṣọ ní Tamale. Fún ẹlòmíràn ó di ṣọ́ọ̀bù.

Èrè ń pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọjà ni ó ń padà sí. Nígbà tí ìjọba Gánà sì fi òfin de owó tí ń jáde ní ìlú náà láti 1961, àtifowó-ránṣẹ́ sílé di ìṣòro.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà ogún ọdún di èyí tí a ń tà ní iyekíye. Àwìn tí ó wà níta kò ṣeé sìn mọ́. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò ju ẹrù orí kan lọ, ni àdánù rẹ̀ kéré jù. Ẹni tí ó ti kọ́lé sí ìlú rẹ̀ rí ibi forí pamọ́ sí. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá ní Tamale tún di ẹni tí ń bá ìbátan pàtẹ.