Bí Mo Ṣe Fi Páálí àti Igi Ìtayín Tún Pálọ̀ Màmá Àgbà Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí ni mo kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ ò sì mú íapíìsì dání.

Lórí tábìlì tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, pálọ̀ kan wà níbẹ̀ tó wọ inú páálí bàtà. Pálọ̀ ìyá ìyá mi ni, Màmá Àgbà, ní Ìbàdàn. Wọ́n ta ilé náà lẹ́yìn tí Màmá kú, ẹni tó rà á sì ti wó o. Látìgbà yẹn ni Mọ́mì mi àti àbúrò wọn, Àǹtí, kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò lágbára láti tún ilé kọ́. Mo ní kí n kúkú tún pálọ̀ ṣe, bí ilé ọmọláńgidi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe ilé ọmọláńgidi sábà máa ń lò ni ọ̀kan sí méjìlá, 1:12. Ohun tó bá jẹ́ ínǹṣì 12 nínú ilé gidi á di ínǹṣì 1. Ẹ sì mọ̀ pé ínǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ ò le rárá: ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan á di ínǹṣì kan. Bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 á di ínǹṣì 6. Tábìlì tó ga ní ínǹṣì 30 á di ínǹṣì 2 àti ààbọ̀. Ìwọ̀n yìí náà ni wọ́n fi ṣe ilé ọmọláńgidi Queen Mary tó wà ní Windsor, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1921 sí 1924. Edwin Lutyens ló ya àwòrán rẹ̀, iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ sì wà nínú rẹ̀.

Ìṣòro tèmi ni pé ilé ti wó. Fọ́tò nìkan ló kù nínú fóònù mi, fọ́tò kì í sì í sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ohun tí mo ṣe nìyí. Àpótí páànù Màmá ṣì wà lọ́wọ́ Mọ́mì. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: ínǹṣì 30. Nínú fọ́tò, àpótí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, àwọn méjèèjì kọjú sí kámẹ́rà. Mo gbé rúlà sójú fóònù: àpótí jẹ́ mìlímítà 20, àga jẹ́ 16. Ìyẹn ni pé àga gidi fẹ̀ ní ínǹṣì 24, tèmi á sì fẹ̀ ní ínǹṣì 2. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ohun tí ẹ fi ń wọn òmíràn gbọ́dọ̀ jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà á máa tóbi lójú.

Ó wá kan ohun èlò. Ẹ má ra nǹkan kan. Igi ìtayín nípọn tó bíi mìlímítà 2. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, á di mìlímítà 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹṣì kan. Ẹsẹ̀ àga káfíńtà gan-an nìyẹn! Páálí kọnfíléèkì, tí ẹ bá lẹ méjì pọ̀, tí ẹ fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, á ṣe bíi pákó. Ike ìgò omi tó mọ́ gaara ni mo gé ṣe gíláàsì wíńdò. Ìdérí bíró di fúláàsì.

Àga àkọ́kọ́ tí mo ṣe ń mì bí ọ̀mùtí, torí mo gbìyànjú láti lẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ àga sórí bébà, ẹ to igi ìtayín lé e lórí, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì lórí àwòrán kan náà. Tí méjèèjì bá gbẹ, ẹ wá fi ibi ìjókòó so wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí igi náà dúdú díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú kọfí líle kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti kàn kò ní mu àwọ̀ mọ́.

Aṣọ ló fún mi ní wàhálà jù. Èèyàn lè gé aṣọ kéré, ṣùgbọ́n bó ṣe nípọn kò ní dín kù. Ànkárá tí mo kọ́kọ́ fi ṣe kọ́tìnì dúró gan-an bíi páànù. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi pò gọ́ọ̀mù funfun, ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ léra bí ẹ ṣe fẹ́ kó wálẹ̀, kó gbẹ bẹ́ẹ̀.

Mo parí rẹ̀, mo gbé e fún Mọ́mì. Mo ti ń retí oríyìn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Àga Màmá kì í kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu ọ̀nà ló ń kọjú sí. Báwo ni wọ́n ṣe máa rí ẹni tó wá ra kẹrosíìnì?” Wọ́n fi ìka kan yí àga náà padà. Ọjọ́ tí a ń kó ẹrù ni mo ya fọ́tò mi. A ti sún gbogbo nǹkan kúrò nípò.

Mo rántí Frances Glessner Lee, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ṣe irú yàrá kéékèèké báyìí nínú àwọn ọdún 1940, kó lè fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe ń yẹ ibi tí èèyàn kú sí wò. 1:12 lòun náà lò. Píìnì ló fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọláńgidi rẹ̀! Méjìdínlógún nínú àwọn yàrá náà wà ní Baltimore. Lójú tiẹ̀, kò sí ohun kékeré nínú yàrá: ibi tí àga kọjú sí, ẹ̀rí ni.

Mọ́mì tún bi mí pé, “Àtùpà ńkọ́?” Kò sí nínú fọ́tò. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń wà. Wọ́n tún ní, àbí ọwọ́ òsì ni. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Bi Àǹtí ẹ.”

Mo pe Àǹtí lórí fídíò WhatsApp, mo yí kámẹ́rà sí pálọ̀ náà. Àǹtí kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọwọ́ òsì ni. Mọ́mì pariwo látẹ̀yìn mi: “Irọ́ ni! Ọ̀tún ni!” Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, tí bátìrì mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìjà ti parí. Ọ̀rọ̀ owó ilé ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá fi ibi tí àtùpà wà hàn wá. Mi ò tíì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ilé yín ṣì dúró, ẹ gbé téèpù lónìí, ẹ wọn pálọ̀ yín, ẹ ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó sún nǹkan kan. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.