Ìhà Àmì àti Ìpè Ìdádúró: Bí Kernel Ṣe Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ohun Èlò

Láyé ìgbà tí àrokò jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí àwọn Yorùbá fi ń ránṣẹ́ síra wọn, owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀, tí wọ́n kọjú síra, jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbátan àti ìrẹ́pọ̀. Bí a bá so owó ẹyọ méjì kan náà tí wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn: ìbáwí ni, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ń sọ pé ẹni tí òun ránṣẹ́ sí ti kẹ̀yìn sí òun. Iye owó kò dín, kò lé. Ìhà tí ó kọjú sí nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìlànà tí a fi so ó lè fi ìbáwí pe ìkíni.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni ó wà láàárín ohun èlò inú kọ̀ǹpútà àti kernel, ìyẹn apá tí ó jẹ́ ọkàn ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń bá ohun èlò lò tààrà. Nínú kernel, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ètò tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Driver ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àpẹẹrẹ inú àlàyé yìí jẹ́ ti Linux, kernel tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, tí àwọn fóònù Android sì ń lò lónìí, nítorí pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà.

Wáyà kan, ìtumọ̀ méjì

Wáyà àmì tí ó so ohun èlò mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í ní ju ipò méjì lọ: yálà iná wà lórí rẹ̀, bóyá fólítì 3.3, tàbí kò sí, ìyẹn òdo. Kò sí ohunkóhun nínú ìṣẹ̀dá iná tí ó sọ pé fólítì 3.3 ni “bẹ́ẹ̀ ni” tí òdo sì jẹ́ “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ẹni tí ó ṣe ohun èlò ni ó yàn án. Bí àmì bá ń jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” nígbà tí iná wà lókè, àmì òkè ni. Bí ó bá ń jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” nígbà tí iná wálẹ̀ sí òdo, àmì ilẹ̀ ni. Yíyàn yìí ni à ń pè ní ìhà àmì níhìn-ín.

Lójú ẹni tí ó ń kọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, àmì ilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ tí a fi orí rẹ̀ sọlẹ̀: kí ló dé tí ènìyàn yóò fi àìsí iná sọ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀? Ìdí rẹ̀ ti pẹ́. Chip irú TTL tí ó gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 lágbára láti fa iná wálẹ̀ ju láti tì í sókè lọ. Ẹsẹ̀ kan lára wọn lè gba mílíáńpì 16 wọlé, ṣùgbọ́n mílíáńpì 0.4 péré ni ó lè tì jáde. Ìdí kejì ṣì wúlò títí di òní. A lè fi résísítọ̀ kan gbé wáyà sókè sí fólítì 3.3, kí a so ohun èlò márùn-ún mọ́ ọn, kí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára kan ṣoṣo: láti fà á wálẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó fà á, òkè ni ó ń wà. Bí ọ̀kan bá fà á, tàbí méjì, tàbí márààrún, ó wálẹ̀, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n lè tì í sókè pẹ̀lú ni, tí ọ̀kan ń tì tí èkejì ń fà, iná yóò gba àárín wọn kọjá, chip sì lè jóná.

Nínú àwòrán iná, wọ́n máa ń fi ìlà sórí orúkọ àmì ilẹ̀, tàbí kí wọ́n fi # sẹ́yìn rẹ̀, tàbí lẹ́tà n síwájú rẹ̀: INTA#, nRESET. Àwọn àmì kékeré wọ̀nyí rọrùn láti fojú fò, gẹ́gẹ́ bí àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe rọrùn láti fojú fò, ohun tí ó sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò yàtọ̀.

Àgò àti ẹkún ọmọ

Ọ̀nà méjì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè fi mọ̀ pé ohun èlò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó lè máa lọ wò ó lóòrèkóòrè, bí onílé tí ó ń dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìṣẹ́jú bóyá àlejò ti dé. Ó sì lè jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ títí àlejò yóò fi kágò. Ọ̀nà kejì yìí ni ìpè ìdádúró: ohun èlò yí ipò wáyà padà, ọpọlọ dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó sàmì sí ibi tí ó dé, ó lọ ṣe ètò ajẹ́pè tí driver ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìpè gan-an: ìyípadà ni, àbí ipò? Bí ó bá jẹ́ ìyípadà, àkókò tí iná gòkè tàbí tí ó sọ̀ nìkan ni ó já sí nǹkan, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó kágò lẹ́ẹ̀kan tí ó dákẹ́. Bí onílé kò bá gbọ́ nígbà yẹn, ó di àwátì. Bí ó bá jẹ́ ipò, ìpè ń bá a lọ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà níbẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ tí ń ké, tí kò ní dákẹ́ títí ìyá rẹ̀ yóò fi gbé e. Ìpè ipò kì í sọnù, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ driver: kí ó pa ohun èlò lẹ́nu mọ́, nípa kíka ohun tí ó mú wá, kí ó tó kúrò nínú ètò ajẹ́pè. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó ṣe ń jáde ni wọn yóò tún pè é padà.

Ìtàn kọ̀ǹpútà IBM fi ìyàtọ̀ yìí hàn. IBM PC ti 1981 lo chip kan tí ń jẹ́ Intel 8259A gẹ́gẹ́ bí oníbodè ìpè; wáyà mẹ́jọ ni ó ní, ìyípadà ìgòkè ni ó sì ń gbọ́. Nígbà tí PC/AT dé ní 1984, wọ́n so irú chip bẹ́ẹ̀ méjì pọ̀, wáyà tí ó ṣeé lò di 15. Ohun èlò méjì kò lè fi ìrọ̀rùn jọ lo wáyà kan níbẹ̀, àwọn tí ó lo kọ̀ǹpútà nígbà náà sì mọ ìyà tí ó wà nínú yíyan nọ́ńbà fún káàdì ohùn kí ó má baà forí gbárí pẹ̀lú ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. PCI ti àwọn ọdún 1990 yí i padà: wáyà mẹ́rin, INTA# sí INTD#, gbogbo wọn jẹ́ àmì ilẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ìpè ipò, gbogbo wọn sì ṣeé jọ lò. Nígbà tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá wálẹ̀, Linux á bi driver kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí rẹ̀ léèrè. Driver á wo ohun èlò tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun ni ó pè, á dáhùn IRQ_NONE. Bí òun bá ni, á ṣe iṣẹ́, á sì dáhùn IRQ_HANDLED.

PCI Express ti fi wáyà ìpè sílẹ̀. Ó ń kọ ìpè bí ìhìn sínú àdírẹ́sì kan, nítorí náà kò sí ìhà kankan láti ṣì níbẹ̀. Inú fóònù, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti àwọn bọ́ọ̀dù kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ni wáyà ṣì pọ̀ sí.

Nígbà tí ìhà bá yí

Ojú fóònù tí ìka ń tẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Ká ní chip tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní wáyà ìpè kan tí ó máa ń fà wálẹ̀ nígbà tí ìka bá kan ojú náà, tí kì í sì í fi í sílẹ̀ títí driver yóò fi ka ibi tí ìka wà. Àmì ilẹ̀ ni, ìpè ipò ni. Ká tún ní ẹni tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún kernel ṣèèṣì kọ àmì òkè. Fóònù wà lórí tábìlì, kò sí ìka lára rẹ̀, wáyà wà ní fólítì 3.3 níbi ìsinmi rẹ̀. Lójú kernel, ìpè ni ìsinmi yìí. Ó sáré lọ sí ọ̀dọ̀ driver. Driver wo chip, kò rí nǹkan, ó dáhùn IRQ_NONE, ó jáde. Wáyà ṣì wà lókè. Wọ́n tún pè é. Èyí ni ìjì ìpè. Bátìrì ń gbóná, ọpọlọ kò ráyè ṣe ohun mìíràn.

Linux ní ààbò sí èyí. Ó ń ka ìpè. Bí ó bá ka 100,000, tí ju 99,900 lọ nínú wọn kò sì ní ẹni tí ó dá wọn mọ̀, á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé nobody cared, ìyẹn pé kò sí ẹni tí ó bìkítà, á sì ti wáyà náà pa. Ọ̀rọ̀ náà le létí, ṣùgbọ́n ó péye. Ìdí nìyí tí irọ́ inú ìdáhùn fi léwu: driver tí ó ń dáhùn IRQ_HANDLED láìwo ohun èlò rẹ̀ ti fọ́ ojú ààbò yìí, ìjì náà kò sì ní dúró.

Ìjì ṣì sàn, nítorí pé ó ń pariwo. Àṣìṣe tí ó burú jù ni ti ìpè ìyípadà. Bí chip kan bá ń fa wáyà wálẹ̀ fún ìwọ̀n díẹ̀, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ kí ó padà sókè, ìsọ̀kalẹ̀ ni ìpè rẹ̀. Bí driver bá ń retí ìgòkè, yóò gbọ́ ìpè náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní òpin rẹ̀ dípò ìbẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá ìdánwò, ohun gbogbo á máa lọ déédéé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi chip mìíràn rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí kì í fi wáyà sílẹ̀ àfi bí wọ́n bá kà á, ìgòkè tí driver ń retí kò ní wáyé: driver ń retí kí chip fi wáyà sílẹ̀, chip ń retí kí driver ka òun. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, fáìlì /proc/interrupts nìkan ni ó sì ń jẹ́rìí, pẹ̀lú òǹkà tí kò kúrò lójú kan.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà lára ojú fóònù yìí. Chip rẹ̀ sábà máa ń gba orí I2C sọ̀rọ̀, ọ̀nà oníwáyà méjì tí ó lọ́ra. Ní ìwọ̀n kílóhẹ́ẹ̀tì 100, báìtì kan gba máíkírósẹ́kọ́ọ̀ndì 90, báìtì mẹ́wàá sì súnmọ́ mílísẹ́kọ́ọ̀ndì kan. Driver ní láti sùn de ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ètò ajẹ́pè kò gbọdọ̀ sùn, torí pé ó ti dá iṣẹ́ ẹlòmíràn dúró. Nítorí náà ni Linux fi ní request_threaded_irq: ajẹ́pè àkọ́kọ́ kàn ń gbọ́ ìpè, á jí òṣìṣẹ́ kan tí ó lè sùn, òṣìṣẹ́ yìí ni yóò sì lọ bá chip sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìpè ipò kò tíì dákẹ́ nígbà tí ajẹ́pè àkọ́kọ́ jáde. IRQF_ONESHOT ni ó ń sọ fún kernel pé kí ó di etí sí wáyà náà títí òṣìṣẹ́ yóò fi parí. Bí driver kò bá ní ajẹ́pè àkọ́kọ́ tirẹ̀, tí kò sì fi àmì yìí sí i, kernel sábà máa ń kọ̀ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ta ni ó yẹ kí ó sọ ìhà?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ẹni tí ó kọ driver ni, torí pé òun ni ó ka ìwé chip. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ya bọ́ọ̀dù lè fi transistor kan sáàárín chip àti ọpọlọ, bóyá nítorí pé fólítì wọn kò dọ́gba, transistor yẹn sì lè yí àmì padà: ilẹ̀ chip á di òkè lójú ọpọlọ. Chip kan náà, driver kan náà, bọ́ọ̀dù méjì, ìhà méjì. Nítorí náà, inú àpèjúwe bọ́ọ̀dù ni ìhà ń gbé. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ARM, devicetree ni ìwé àpèjúwe yìí ń jẹ́. Níbẹ̀, 1 ni ìyípadà ìgòkè, 2 ni ìsọ̀kalẹ̀, 4 ni ipò òkè, 8 ni ipò ilẹ̀; fún wáyà tí kì í ṣe ti ìpè, GPIO_ACTIVE_HIGH jẹ́ 0, GPIO_ACTIVE_LOW sì jẹ́ 1. Bí driver bá forúkọ ajẹ́pè rẹ̀ sílẹ̀ láìdárúkọ ìhà, kernel á lo ohun tí ìwé sọ. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ driver ni yóò borí, bọ́ọ̀dù tí ó ní transistor kò sì ní ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó kọ ìwé rẹ̀ kò ṣẹ̀ rárá.

Ní ti wáyà tí a fi ń tún chip bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Linux yẹ ní kíkọ́. Àwọn iṣẹ́ àtijọ́ bíi gpio_set_value ń kọ ipò iná gan-an: 0 ni ilẹ̀, 1 ni òkè, ohun yòówù kí devicetree sọ. Àwọn tuntun, bíi gpiod_set_value, ń kọ ìtumọ̀: 1 ni “bẹ́ẹ̀ ni”, kernel fúnra rẹ̀ ni yóò wo ìwé, tí yóò sì yí i sí ipò iná tí ó yẹ. Èyí dára jù, driver kò ní láti mọ ìhà mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn driver fi ń lo ti àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ọ̀rọ̀ ìhà inú devicetree sí, ohun tí a kò bá sì kà, a kì í tún un ṣe. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí ìwé wọn kọ àmì òkè sí wáyà tí ó jẹ́ àmì ilẹ̀. Driver ń kọ 0 láti tún chip bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ 1 láti tú u sílẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Irọ́ inú ìwé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sọ irú driver yẹn di ti tuntun ni ìwé ń bẹ̀rẹ̀ sí í ní agbára. Driver á sọ pé kí àtúnbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn 0. Kernel á wo ìwé, á rí àmì òkè, á sì fi wáyà sí ilẹ̀. Chip tí ilẹ̀ ń dá dúró á wà nínú àtúnbẹ̀rẹ̀ láìjáde. Ojú fóònù tí ó ṣiṣẹ́ lánàá kú lẹ́yìn àtúnṣe tí ó tọ̀nà.

Ènìyàn lè sọ pé kí wọ́n kàn tún devicetree kọ. Wọ́n ń tún un kọ níbi tí ó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìwé yìí lè ti wà nínú ẹ̀rọ tí a ti tà, níbi tí àtúnṣe kernel kò dé, ó sì jẹ́ ìlànà láàárín àwọn tí ń tọ́jú Linux pé kernel tuntun kò gbọdọ̀ ba ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àtijọ́ jẹ́. Wọ́n sì lè fi driver sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àṣìṣe méjì máa gbé ara wọn ró. Ohun tí wọ́n ṣe wà nínú fáìlì gpiolib-of.c: àtòkọ kan tí ó dárúkọ chip, wáyà rẹ̀, àti ìhà tí ó yẹ kí ó ní. Nígbà tí kernel bá rí chip inú àtòkọ náà nínú ìwé bọ́ọ̀dù kan, á gbójú fo ìhà tí ìwé kọ, á fi èyí tí ó wà nínú àtòkọ rọ́pò rẹ̀, kí ó tó fi wáyà lé driver lọ́wọ́. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó sàn ju àṣìṣe tí a fi pamọ́ lọ, torí pé ẹni tí ó bá ka kóòdù á rí gbèsè náà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Owó rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù tí ó bá fi transistor sáàárín irú chip bẹ́ẹ̀ àti ọpọlọ kò ní ọ̀nà láti sọ ìhà tirẹ̀ mọ́.