Fóònù tó já sómi: Ìkánjú ẹni tó ni ín ló sábà máa ń pa á

Àwọn àgbà máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí fóònù rẹ̀ já sínú ọ̀sà níbi tó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìwópin, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí òjò pa dé yàrá rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, wọn yóò sọ ojú tí wọ́n rí fún yín. Fóònù òde òní kì í ṣe ohun tí a fi ń pera wa nìkan. Inú rẹ̀ ni owó báńkì àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà wà, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbọ́ orin. Bí ti oníṣòwò bá kú lójijì, ọjà rẹ̀ lè dúró.

Kí GSM tó dé sí Nàìjíríà lọ́dún 2001, rédíò, téèpù àti Walkman ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ kéékèèké ṣe ń tú. Ọdún 2001 yẹn náà ni Apple gbé iPod jáde. Nígbà tó yá, fóònù gba iṣẹ́ orin mọ́ tirẹ̀, Apple sì fòpin sí iPod lọ́dún 2022. Lónìí, ẹni tó bá mọ fóònù tún ṣe ló ń tún ẹ̀rọ orin ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Omi nìkan kọ́ ló ń ba fóònù jẹ́. Bí iná bátìrì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí omi wà lórí pánẹ́ẹ̀lì, iná yóò gba ibi tí kò yẹ kó gbà, yóò sì máa jẹ irin tín-ín-rín tó so ẹ̀yà kan mọ́ òmíràn. Láìpẹ́, ìpáta aláwọ̀ ewé yóò bo ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó sì kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Omi tún ju omi lọ. Omi ọ̀sà Lekki tó wà ní Ìwópin kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, ṣùgbọ́n omi òkun tó wà létí ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside níyọ̀ púpọ̀. Omi iyọ̀ ń gbé iná kiri ju omi òjò lọ, ó sì ń tètè jẹ irin. Àwọn Samsung kan tí wọ́n ní omi kò lè wọ̀, inú omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ti dán wọn wò, ní ìjìnlẹ̀ mítà 1.5 fún 30 ìṣẹ́jú péré.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹ yọ fóònù nínú omi, kẹ́ ẹ sì pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má tàn án wò, ẹ má sì fi ṣájà sí i. Ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń yọ bátìrì Nokia 3310 ọdún 2000, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lóde báyìí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ bátìrì wọn mọ́ inú. Ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kẹ́ ẹ sì dojú ihò ṣájà kọlẹ̀.

Ẹ má gbé e sínú oòrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, nítorí bátìrì kò fẹ́ ooru. Ẹ má rì í sínú ìrẹsì pẹ̀lú. Lọ́dún 2024, Apple kìlọ̀ fáwọn tó ń lo iPhone pé kí wọ́n má ṣe é, pé ẹ̀rúnrún ìrẹsì lè ba fóònù jẹ́. Ìrẹsì kò sì lè yọ ìpáta tó ti wà lórí pánẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ló kàn. Òun ni yóò tú u, tí yóò yọ bátìrì, tí yóò fi omi mímọ́ ṣan iyọ̀ kúrò bó bá jẹ́ omi òkun, kó tó fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípírítì fọ pánẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn tó bá gbẹ dáadáa ni yóò tó mọ ẹ̀yà tó kú.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ owó ti ń dìjà. Oníbàárà yóò ní òun kò fi ṣájà sí i, bẹ́ẹ̀ ó ti fi í sùn mọ́jú. Bí fóònù bá wá kú sórí tábìlì oníṣẹ́, yóò ní oníṣẹ́ ló bà á jẹ́. Kò sì sí bí a ṣe fẹ́ fi omi pa mọ́, torí nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bébà funfun kékeré kan wà tó máa ń pọ́n bí omi bá kàn án. Torí náà, ẹ sọ òótọ́, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò lórí owó àyẹ̀wò kí wọ́n tó tú u. Oníṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ohun tí kò ì rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí omi, ó ṣeé ṣe kọ́nà oníṣẹ́ jìn sí yín, wákàtí kọ̀ọ̀kan sì ni ìpáta ń jẹun. Ẹ fi ọ̀rá wé fóònù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì da nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín kọ sínú ìwé. Owó ọ̀rá kò tó owó pánẹ́ẹ̀lì.