Kāhuli, Ìgbín Orí Igi ní Oahu

Ìgbín tí àwa mọ̀, òun náà ló lè kún ọwọ́ àgbàlagbà, inú ilẹ̀ ló sì ń yé ẹyin sí. Kāhuli yàtọ̀. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, orí igi ló ń gbé, ìkarahun rẹ̀ sì ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Erékùṣù Oahu ní Hawaii ni ilé rẹ̀; Achatinella ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í jẹ ewé. Ohun wínníwínní tó ń hù lára ewé, bí èyí tó máa ń bo búrẹ́dì tó ti bu, ló ń ha jẹ lóru. Kì í yé ẹyin: ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, tòun ti ìkarahun lẹ́yìn, ọdún mélòó kan ni ọmọ náà yóò sì lò kó tó dàgbà. Ẹ̀dá tó ń bímọ báyìí, ọ̀tá kékeré ti tó láti pa á run.

Wọ́n sì kó ọ̀tá wá bá a. Wọ́n gé igbó rẹ̀. Èkúté bá ọkọ̀ ojú omi dé, ó ń fọ́ ìkarahun jẹ. Èyí tó dùn mí jù rèé: ní 1936, wọ́n kó ìgbín ńlá kan tó ṣẹ̀ wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ìbátan ìgbín wa, wọ Hawaii, ó sì di aṣèbàjẹ́ nínú oko. Ní 1955, wọ́n wá lọ gbé ìgbín mìíràn láti Amẹ́ríkà, Euglandina rosea, tó ń jẹ ìgbín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé kó lọ pa á. Ó yà sọ́dọ̀ kāhuli. Ipa tí kāhuli fi ara fà sára igi ló ń tọ̀ títí yóò fi bá a lókè. Àwa a máa ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ní Oahu, ikú ló ń tẹ̀ lé e.

Irú 41 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní 1981 pé wọ́n wà nínú ewu; ọ̀pọ̀ ti lọ kí ìwé náà tó jáde. Ní 1997, wọ́n kó mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú irú kan, Achatinella apexfulva, kúrò nínú igbó lọ sí yunifásítì. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n sì kú tán, ó ku ẹyọ kan tí wọ́n sọ ní George. Ọmọ ọdún bíi mẹ́rìnlá ni nígbà tó kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, 2019.

Nínú àwọn irú tó ṣẹ́ kù, àwọn kan wà lórí òkè, nínú ọgbà tí wọ́n fi ògiri yí ká, tí èkúté kò lè gùn.