Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ẹ ń rí ní Pobè àti ní Sakété ni wọ́n ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní tòkúnbọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn wá sí èbúté Kútọnu.

Àwọn kan fẹ́ràn ọkọ̀ ayé àtijọ́, bíi Peugeot 404 tó jáde ní 1960, tàbí 504 tó jáde ní 1968. Àwọn mìíràn ń wá ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì, bíi Porsche 911. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni. Ẹni tó bá sanwó láì kàwé lè pàdánù owó, kí ó sì pàdánù ọkọ̀. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹ kà.

1. Ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀

Gbogbo ọkọ̀ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí a ń pè ní nọ́ńbà ṣáàsì. Ẹ wò ó lára irin ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́nu ìlẹ̀kùn, tàbí lábẹ́ gíláàsì iwájú. Láti 1981 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àmì 17. Ọkọ̀ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ní nọ́ńbà tó kúrú.

Àmì ìbẹ̀rẹ̀ ń sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá. W ni Jámánì, J ni Japan, VF ni Faransé. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: Y ni 2000, 5 ni 2005. A kì í lo lẹ́tà I, O àti Q nínú àmì 17 yìí, kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Bí ẹ bá rí ohun róbótó níbẹ̀, òdo ni.

Ẹ fi nọ́ńbà ara irin wé ti inú ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àmì kan péré bá yàtọ̀, ẹ má tíì sanwó.

2. Ẹ ka ibi tí ọkọ̀ ń lọ

Ọkọ̀ méjì lè jọ ara wọn ní Kútọnu, kí ìwé wọn má jọra. Ọ̀kan wọlé láti dúró ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì ti san owó orí rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè. Èkejì ń kọjá lọ sí ilẹ̀ mìíràn ni. Ìwé tràńsíìtì ló ní. Bí ẹ bá ra ti tràńsíìtì tí ẹ sì ń lò ó ní Pobè, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Àwa tí a wà nítòsí ẹnubodè tún gbọ́dọ̀ mọ òfin aládùúgbò wa. Láti oṣù kìíní 2017, Nàìjíríà kò gbà kí a kó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ mọ́. Ojú omi ni kí ó gbà. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti ẹnubodè. Wọ́n ṣí Sèmè ní oṣù kejìlá 2020, wọ́n sì ṣí Ìdíìrókò, tó kọjú sí Igolo, ní oṣù kẹrin 2022. Ṣùgbọ́n ṣíṣí ẹnubodè kò pa òfin ọkọ̀ ti 2017 rẹ́.

3. Ẹ ka ọjọ́ orí ọkọ̀

Ní Faransé, ọkọ̀ tó pé ọdún 30 lè gba ìwé pàtàkì ti ọkọ̀ àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òkèèrè tó pé ọdún 25 lè wọlé láì bá òfin ààbò ti ọkọ̀ tuntun mu. Lọ́dọ̀ wọn, bí ọkọ̀ ṣe ń dàgbà ni ọ̀nà ń là fún un.

Lọ́dọ̀ wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù tó tó mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù. Èéfín ọ̀pọ̀ nínú wọn burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ní 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé kí ọkọ̀ tó ń wọlé bá ìwọ̀n èéfín tí a ń pè ní Euro 4 mu. Ní 2005 ni ìwọ̀n yìí bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù. Peugeot 504 ti ọdún 1975 kò lè bá a mu. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìpinnu yìí di òfin ní ilẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi àwọn aṣọ́bodè léèrè kí ọkọ̀ tó kúrò lókè òkun. Òfin èṣí lè má jẹ́ òfin ọdún yìí.

4. Ẹ ka gbogbo owó

Owó ọkọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí. Wọ́n ń fi owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ìdójútòfò kún un. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

Owó ọkọ̀: 2.000.000 sẹ́fà
Owó ọkọ̀ ojú omi: 600.000 sẹ́fà
Ìdójútòfò: 50.000 sẹ́fà
Àpapọ̀: 2.650.000 sẹ́fà

Lórí 2.650.000 yìí ni owó orí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó èbúté, owó ẹni tó bá yín gba ọkọ̀ jáde, àti owó ìwé ọkọ̀ tí a ń pè ní carte grise, lọ́dọ̀ ANaTT. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí fún owó kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá san. Ẹ pa á mọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ kàwé ná.

Ìbéèrè

1. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta wo ni a kì í lò nínú nọ́ńbà ọkọ̀ alámì 17?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tràńsíìtì àti ọkọ̀ tó wọlé láti dúró?
3. Owó ọkọ̀ jẹ́ 1.500.000, owó ọkọ̀ ojú omi 550.000, ìdójútòfò 40.000. Èló ni àpapọ̀?